Wolé-wolé Tí Kò Gba Ìdọ̀bálẹ̀

Ní àdúgbò wa ní Ifo, lẹ́bàá ojú irin, ọkùnrin kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í kí. Kò jalè, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má kí òun báyìí, kí wọ́n kí òun báyẹn, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú àwọn èèyàn, tí wọn kò sì kí i mọ́ rárá. Ògúnkànmí ni orúkọ rẹ̀. Wolé-wolé ni gbogbo wa ń pè é, nítorí iṣẹ́ wolé-wolé ló ṣe fún ìjọba ìbílẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, tó ń ti ojúlé dé ojúlé yẹ gọ́tà àti ilé ìgbẹ́ wò. Èmi ni télọ̀ tó wà ní iwájú ilé rẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀ ni mò ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, ó sì jù mí lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ le ju irin máṣíìnì mi lọ, bó sì ṣe rí ni màá ṣe sọ ọ́.

Rédíò ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Ṣàràfá, olùkọ́ àgbà ní yunifásítì, tó máa ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ní àárọ̀ Sátidé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: ta ni ọmọ Nàìjíríà, kí ló yẹ kó mú dání nínú àṣà àwọn baba rẹ̀, kí ló yẹ kó jù sílẹ̀. Ẹnu ọkùnrin náà dùn. Bó bá sọ̀rọ̀ tán ní Sátidé, òun la máa fi ṣe àríyànjiyàn títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Pásítọ̀ á fèsì fún un lórí pẹpẹ, lemọ́mù á fèsì fún un ní Jímọ́ọ̀, àwa tí a kò ní pẹpẹ á lọ pé jọ sídìí tábìlì Abdulrauf tó ń ta ìwé ìròyìn. A ó máa ka àkọlé láìra ìwé, a ó máa jiyàn lórí bóyá èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ba ilé ẹ̀kọ́ jẹ́, tàbí bóyá ó yẹ kí gbogbo akọ̀wé máa wọ bùbá àti ṣòkòtò lọ síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ràn ti bùbá àti ṣòkòtò yẹn gan-an, ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Àfi Sátidé kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n mú ọ̀rọ̀ ìkíni. Ó ní ẹ wo Hausa tó ń lóṣòó, ẹ wo Igbo tó ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ẹ wo Yorùbá tó ń dọ̀bálẹ̀. Ó ní báwo ni a ṣe fẹ́ di orílẹ̀-èdè kan nígbà tí ọmọ ìlú kan bá fi àyà lélẹ̀ níwájú ọmọ ìlú ẹgbẹ́ rẹ̀? Ó ní ọmọ tí a bá ti fi ìdọ̀bálẹ̀ tọ́ láti kékeré, bó bá dàgbà, orí ìdọ̀bálẹ̀ náà ló máa wà tí òṣèlú á fi kó ohun ìní rẹ̀ lọ. Ó ní òmìnira tí a gbà lọ́wọ́ òyìnbó kò tíì dé ara wa, orí ìwé ló wà.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Mo sọ nídìí tábìlì Abdulrauf pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ orílẹ̀-èdè, kó kọ́kọ́ bá wa tún títì Ifo ṣe. Àwọn kan gbè mí lẹ́yìn, àwọn kan gbè é lẹ́yìn, ariwo pọ̀. Nígbà tí Sátidé mìíràn dé, tó mú ọ̀rọ̀ mìíràn, gbogbo wa gbàgbé ti ìkíni. Gbogbo wa àfi Wolé-wolé.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí. Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin tó tó ìyá òun ń kúnlẹ̀ bẹ òun nínú ẹrẹ̀, nítorí pé òun rí ìdin nínú àmù omi wọn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí òun má baà gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù. "Èmi rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni, Bùrẹ́ímọ̀," ó wí. "Ọkùnrin yẹn ló là mí lójú. Ẹ̀rù ni." Mo bi í bóyá ó ti jẹun.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ọmọ iléèwé bá kúnlẹ̀ kí i, á gbá a mú lápá, á fà á dìde, á ní, "Ọmọ Nàìjíríà ni ọ́, má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bọ̀ mí lọ́wọ́." Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á mọ̀ọ́mọ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ kí wọ́n lè rí i bó ṣe ń gbèjà wọn lọ́wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ń ba àwọn ọmọ àwọn jẹ́. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Àwọn àgbà tí kò mọ irú ìkíni tó ń fẹ́ mọ́ wá ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n lè jókòó sí iwájú ilé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó má gbọ́ "ẹ kú ìjókòó" lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi èmi. Èmi náà, orí ìdúró ni mo ti ń kí i, nítorí orúnkún mi tó ń dùn mí, kì í ṣe nítorí Nàìjíríà.

Kò kọ́kọ́ dùn ún púpọ̀, torí Mọ́láyọ̀ wà nílé. Mọ́láyọ̀ ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, bàbá rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ, tó ń dì í nírun ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn lọ́nà tí ojú fi ń ti gbogbo wa fún un. Àwọn méjèèjì ló jọ máa ń gbọ́ rédíò yẹn. Mọ́láyọ̀ á ní irọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pa, bàbá á ní òótọ́ ni, mo sì máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi tí mo ti ń ránṣọ. Kò sí ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ láyé yìí tó ju ọmọ yẹn lọ.

Lẹ́yìn náà ni Mọ́láyọ̀ mú ọkọ wá. Adébánjí Ọmọlabí, ọmọ Àgbàdo, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tó kọ́kọ́ wá sílé, ó bọ Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ bí Mọ́láyọ̀ ṣe kọ́ ọ, inú Ẹ̀gbọ́n sì dùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn méjì.

Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo rán aṣọ tí Ẹ̀gbọ́n wọ̀. Àwọn ẹbí Ọmọlabí gbé iṣu wá, wọ́n gbé èso wá, wọ́n múra bí ó ti yẹ. Nígbà tó tó àkókò, Adébánjí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣí fìlà, wọ́n tò sórí ẹní. Gbogbo èèyàn mọ ohun tó kù. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, àwọn ìyàwó ilé á ní kò dára tó, wọ́n á tún un ṣe, bàbá ìyàwó á ṣàdúrà, á ní kí wọ́n dìde, a ó wá jẹun. Wọn ò tíì kan ilẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n fi dìde lórí àga.

"Ẹ má dọ̀bálẹ̀," ó wí. "Wọn kì í ṣe é nínú ilé mi. Ẹ dúró, ẹ wá bọ̀ mí lọ́wọ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ìkíni lásán. Ìbéèrè ni. Bí bàbá ìyàwó bá gbà á, ó ti gbà kí wọ́n fẹ́ ọmọ òun nìyẹn. Bó bá ní kí ẹ má dọ̀bálẹ̀, ó ti ní kí ẹ máa lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo àwa tí a wà nínú ọgbà náà. Ẹ̀gbọ́n náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó rò pé bí òun bá ṣàlàyé, ó máa yé wọn.

Bàbá Adébánjí, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ wa ò tó ẹni tí ẹ lè gba ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ni?"

"Ó tó ju bẹ́ẹ̀ lọ," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi." Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti òyìnbó, ó sọ ti òmìnira, ó sọ ti Hausa tó ń lóṣòó. Mo fà á láṣọ, ó já aṣọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Bàbá Adébánjí fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wá bi í pé, "Ṣé kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ báyìí?" Ẹ̀gbọ́n ní rárá. Àwọn ọmọkùnrin dé fìlà wọn padà.

Ìgbà náà ni Mọ́láyọ̀ jáde láti inú yàrá, pẹ̀lú gèlè lórí. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ìṣẹ́jú kan ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ máa bá Nàìjíríà yín lọ."

Ó ní, "Dìde, Mọ́láyọ̀. O mọ̀ pé n kì í fẹ́ ẹ."

Ó sì dìde. Láti ọjọ́ náà kò kúnlẹ̀ fún un mọ́. Wọ́n gbé iṣu wọn padà sínú ọkọ̀, Mọ́láyọ̀ sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ arákùnrin ìyá rẹ̀ ní Ibafo. Ọkùnrin yẹn ló dúró bíi bàbá fún un, òun ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún, nínú ilé tirẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Tọkọtaya náà wá ń gbé ní Mowe, nítòsí ìjọ wọn.

Ọdún gorí ọdún. Ètò rédíò náà parí, wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún wa, a kò sì gbúròó Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ́. Àwọn tó ń jiyàn nídìí tábìlì Abdulrauf ti rí fóònù tẹ̀, olúkúlùkù ń dá jiyàn nínú ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wá ń dá jókòó. Bó bá pe Mọ́láyọ̀ lórí fóònù nígbà ọdún, Mọ́láyọ̀ á ní, "Ẹ ṣé, sà. Màá pè yín padà." Kì í pè é padà. Ọmọ mi obìnrin, Ìbíwùnmí, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Mọ́láyọ̀, ló fi àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ̀ hàn án lórí fóònù. Jésùlayọ̀mi ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n di fóònù ọmọ mi mú títí iná rẹ̀ fi kú. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ ra aṣọ ní Èkó, á ní, "Ṣé o gba Mowe kọjá?" Ó mọ̀ dáadáa pé ọ̀nà Mowe kì í ṣe ọ̀nà tèmi. Ó ń fẹ́ kí ẹnì kan dárúkọ ibẹ̀ sí òun létí ni.

Lọ́dún tó kọjá ni a gbọ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣàràfá ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ibafo. Ẹ̀gbọ́n wá bá mi, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní kí n bá òun lọ. Ó ní òun máa bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n kó bá òun pe Mọ́láyọ̀. "Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin náà fúnra rẹ̀," ó wí, "ó máa mọ̀ pé n ò kórìíra ọkọ rẹ̀. Ó máa mọ̀ pé kì í ṣe agídí." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, a gba Sàngó, a gba Berger, a dé Ibafo kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti darúgbó. Ọ̀pá ló fi rìn wọlé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ní kí àwọn tó ní ìbéèrè dìde. Gbogbo ẹni tó gba máíkì ló kọ́kọ́ ń tẹ̀ ba fún un. Nígbà tó kan Ẹ̀gbọ́n, ó dúró ṣánṣán.

Ó ní, "Orúkọ mi ni Ògúnkànmí. Láti Ifo ni mo ti wá. Ẹ ní kí á má dọ̀bálẹ̀ mọ́, kí á má sì gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́, mo sì ṣe é. Ọmọ mi kan ṣoṣo kì í wá sọ́dọ̀ mi mọ́ nítorí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi pè é, kí ẹ ṣàlàyé fún un."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Bàbá jókòó, Ẹ̀gbọ́n ní òun á dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá fa máíkì sún mọ́ ẹnu. Ó ní, "Mo sọ ọ́ lóòótọ́. Bí mo ṣe rò ó nígbà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Mo wá rí i pé ìkíni òyìnbó ni mo fẹ́ fi rọ́pò tiwa, tí mo sì ń pè é ní òmìnira. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ẹni tó ń ronú gbọ́dọ̀ lè yí ọkàn padà."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo ń wo Ẹ̀gbọ́n, òun nìkan ló wà lórí ìdúró nínú gbogbo gbọ̀ngàn náà. Èdè òyìnbó ló fi kọ ìwé ọ̀hún. Ta ló fẹ́ mú un dé Ifo? Ọ̀jọ̀gbọ́n tún ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," mo sì gbà pé ó dùn ún dọ́kàn, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti gba máíkì, ó ti ń béèrè nípa owó ilé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí a jáde, èmi ni mo ń bínú. Mo bú Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo bú rédíò. Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. "Òun kọ́ ló wà nínú ilé mi lọ́jọ́ yẹn," ó wí. "Ó lè yí ọkàn padà. Orúnkún àwọn obìnrin yẹn nínú ẹrẹ̀ ni èmi ò lè gbàgbé." A dúró lẹ́bàá títì márosẹ̀, àwọn ọkọ̀ ń sáré kọjá lọ sí apá Mowe. Ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Ó wù mí kí ẹnì kan kí mi, Bùrẹ́ímọ̀."

Mo ní, "Irú ìkíni wo?"

Ó ní, "Irú èyí tó bá wà."

Mo pe Ìbíwùnmí, mo gba àpèjúwe ilé Mọ́láyọ̀, mo sì dá ọkọ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n kò bá mi jiyàn, ohun tí n ò rí rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Mọ́láyọ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó ti sanra díẹ̀, ó jọ ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ó dìde, ó wo bàbá rẹ̀ lójú. "Ẹ káàbọ̀, Dádì." Ìyá àgbà kan láti ìjọ wọn wà nínú pálọ̀, ó mú òòyà lọ́wọ́. Mọ́láyọ̀ sọ fún un pé bàbá òun nìyí, ìyá náà sì ń yẹ ojú Ẹ̀gbọ́n wò bí ẹni tó ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé omi fún wa. Ẹ̀gbọ́n di ife mú, kò mu ún. Ó ní òun wá kí wọn ni. Mọ́láyọ̀ ní ó dáa.

Ọmọ náà wọlé láti ibi tó ti ń ṣeré lẹ́yìn ilé, wọ́n ti di ìdajì irun rẹ̀, ó ku ìdajì. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá ìjọ, orúnkún méjèèjì. Ó kúnlẹ̀ fún èmi náà, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Mo fọwọ́ kàn án lórí, mo ṣàdúrà fún un. Ó wá yíjú sí Ẹ̀gbọ́n, ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà na ara rẹ̀ ró gbọnrangandan, ó wo bàbá àgbà lójú tààrà, ó na ọwọ́ kékeré sí i.

"Good afternoon, Grandpa."

Ẹ̀gbọ́n gbé ife sílẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ́ ọ," ni Mọ́láyọ̀ wí. Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀. "Látìgbà tó ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni mo ti ń kọ́ ọ. Mo sọ fún un pé Grandpa kì í fẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ fún òun, pé lọ́jọ́ tí Grandpa bá wá, báyìí ni kó ṣe kí wọn."

Ẹ̀gbọ́n kò fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀. Jésùlayọ̀mi dúró, ó dúró, ó wá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Grandpa, ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"O ṣe é dáadáa," ó wí.

Ọmọ náà rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ jókòó sí ẹsẹ̀ ìyá ìjọ, kí ìyá náà lè bá a parí irun rẹ̀.